Kẹ̀kẹ́ Nínú Iyanrìn Niamey

Ìlú Niamey jókòó sí etí odò Ọya, ó sì ti jẹ́ olú-ìlú ilẹ̀ Niger láti ọdún 1926, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rò pé ìlú etí odò kò mọ ọ̀gbẹlẹ̀, kò tíì dé ibẹ̀ rí. Òjò kì í rọ̀ níbẹ̀ ju nǹkan bí oṣù mẹ́rin lọ nínú ọdún. Bí ọyẹ́ bá ti dé, eruku aṣálẹ̀ a bo ilé, a bo ọjà, a bo ojú ènìyàn. Bí ọyẹ́ bá sì kásẹ̀ nílẹ̀, ooru a gba ipò rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ a sì máa kọjá 40 ní oṣù kẹrin. Inú eruku àti ooru yìí ni àwọn Yorùbá tí wọ́n ti Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ìlú Òkè-Ògùn lọ ṣòwò ń gbé, tí wọ́n ń bímọ, tí wọ́n sì ń rán ọmọ lọ sí ilé ìwé. Alùpùpù ni ó gba ojú títì nísinsin yìí, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ológeere kò tíì kúrò nílé ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ra epo lójoojúmọ́. Bí ọmọ ilẹ̀ wọn bá sì pe orúkọ rẹ̀ lọ́jà, kò sí ẹni tí kò ní gbọ́, nítorí àwọn Hausa náà ń pè é ní keke.

Kẹ̀kẹ́ tí ó lo ọdún pípẹ́ ní Ìbàdàn láìkérora lè di aláìsàn ní Niamey láàárín ọyẹ́ kan péré. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, omi ni ọ̀tá irin. Ìpẹtà ni à ń bẹ̀rù, nítorí náà oníkẹ̀kẹ́ a da epo sí ṣéènì rẹ̀ títí yóò fi máa kán tótó. Ní Niamey, epo àpọ̀jù gan-an ni ọ̀tá. Iyanrìn a lẹ̀ mọ́ ọn, àwọn méjèèjì a pò pọ̀, wọn a sì máa lọ irin bí ọlọ ti ń lọ ata. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kì í bu epo lé epo. Yóò kọ́kọ́ fi kẹrosíìnì díẹ̀ rin àkísà, yóò fi nu ṣéènì náà títí dúdú ara rẹ̀ yóò fi kúrò, yóò sì jẹ́ kí ó gbẹ. Lẹ́yìn èyí ni yóò kán epo ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan sí oríkèé kọ̀ọ̀kan. Yóò yí pẹ́dàlì díẹ̀ kí epo lè wọ inú. Yóò sì tún nu ìta rẹ̀ gbẹ. Inú oríkèé ni epo ti ń ṣiṣẹ́. Èyí tí ó kù lóde kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa pe eruku wá.

Ṣéènì tí iyanrìn bá ti jẹ a máa gùn sí i. Kì í ṣe pé irin rẹ̀ fà bí rọ́bà. Oríkèé rẹ̀ ni ó ti jẹ. Rúlà oní-íńṣì 12 tí ọmọ ń mú lọ sí ilé ìwé ti tó láti fi mọ̀ ọ́n. Láti ìṣó kan sí èkejì lára ṣéènì jẹ́ ìdajì íńṣì, nítorí náà irú àlàfo bẹ́ẹ̀ 24 gbọ́dọ̀ jẹ́ íńṣì 12 gééré. Bí ó bá ti fi ìdá kan nínú mẹ́jọ íńṣì kọjá bẹ́ẹ̀, ó ti tó pààrọ̀. Ẹni tí ó bá ń fi í sílẹ̀ nítorí owó yóò rí i pé yóò jẹ eyín irin tí ó gbé e, iwájú àti ẹ̀yìn, owó ohun kan a sì di owó ohun mẹ́ta.

Ẹ̀gún ni ó tẹ̀lé iyanrìn. Àwọn igi ẹlẹ́gùn-ún tí ràkúnmí àti ewúrẹ́ ń jẹ ewé wọn a máa ju ẹ̀gún gígùn funfun sílẹ̀ lójú ọ̀nà. (Koríko kan tún wà tí àwọn Hausa ń pè ní karangiya, tí ó ju ẹ̀ẹ̀mọ́ ilẹ̀ Yorùbá lọ ní ìkà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ènìyàn ni ó ń dà láàmú ju táyà lọ.) Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé lè sọ lákọ̀ọ́sórí pé John Boyd Dunlop, oníṣègùn ẹran ní ìlú Belfast, gba ìwé àṣẹ fún táyà oníafẹ́fẹ́ ní ọdún 1888, síbẹ̀ bí táyà bá jò mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, ẹkún ni wọn yóò sun dé ilé. Ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí kẹ̀kẹ́ jẹ́ ẹsẹ̀ olùkọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, kò sí olùkọ́ tí ó gbọ́n tí kò ní sípánà nínú àpò kékeré lábẹ́ ìjókòó rẹ̀. Kò yé ènìyàn bí ó ti di pé epo lọ́wọ́ jẹ́ ìtìjú fún ọ̀mọ̀wé.

Iṣẹ́ náà kò sì le. Ẹ̀yìn ṣíbí méjì tó láti fi yọ táyà, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. A ó fún tíúbù ní afẹ́fẹ́, a ó tẹ̀ ẹ́ bọ inú abọ́ omi, ibi tí omi bá ti ń hó ni ẹ̀gún ti gún un. A ó nu ún gbẹ, a ó fi sáńpépà ha á, a ó pa sòlúṣọ̀n sí i, a ó sì dúró kí ó gbẹ kí a tó lẹ ìlẹ̀mọ́, èyí tí wọ́n ń pè níbẹ̀ ní rustine láti inú orúkọ Louis Rustin ará Faransé. Dídúró yìí ni ó ń ṣòro fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Èkejì ni pé wọn a lẹ ihò tán, wọn a sì gbàgbé ẹ̀gún náà nínú táyà. Kí wọ́n tó dé ìkóríta, ó ti tún gún un. Àkísà ni kí a fi nu inú táyà yíká, kì í ṣe ìka lásán. Bí a kò bá sì rí ihò kankan, kí a fi itọ́ díẹ̀ sí ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé: bí ó bá wú, rọ́bà kékeré inú rẹ̀ ni ooru ti jẹ.

Ọ̀ràn tí ó máa ń gba owó lọ́wọ́ àjèjì ni ti ìwọ̀n táyà. Kẹ̀kẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí à ń pè ní 26 × 1⅜ ní rìímù mílímítà 590. Ti Faransé tí wọ́n kọ 650B sí lára jẹ́ 584. Mílímítà 6 péré ni ó wà láàárín wọn, ojú lásán kò sì lè rí i. Táyà Gẹ̀ẹ́sì a wọ rìímù Faransé tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn, yóò sì fò yọ lọ́jọ́ tí a bá fún un le; ti Faransé kò ní wọ ti Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ńlá 28 × 1½ àti 700B ti Faransé, 635 ni àwọn méjèèjì. Nítorí náà, nọ́ńbà yìí ni kí a máa wò lára táyà, kì í ṣe orúkọ. Ṣéènì nìkan ni kò ní orílẹ̀-èdè: ìdajì íńṣì ni ní Lọ́ńdọ̀nù, ìdajì íńṣì náà ni ní Paris tí kì í fi íńṣì wọn nǹkan.

Irú nǹkan báyìí ni ọmọ máa ń kọ́ nígbà tí bàbá rẹ̀ bá fi sípánà lé e lọ́wọ́ ní agbo ilé.

“Bàbá, ó kọ̀, kò yí.”

“Ọwọ́ wo ni o ń yí i sí?”

“Ọwọ́ òsì ni, sà, bí a ti ń tú gbogbo nọ́ọ̀tì.”

“Pẹ́dàlì òsì yàtọ̀ sí gbogbo nọ́ọ̀tì. Ọ̀tún ni kí o yí i sí. Bí ó bá jẹ́ pé bákan náà ni wọ́n ṣe é pẹ̀lú ti ọ̀tún, bí o ti ń gùn ún lọ ni yóò máa tú.”

Ohun tí ó ju gbogbo èyí lọ ni bíréèkì. Apá òsì odò ga, àwọn ọ̀nà ibẹ̀ sì ń dagẹ̀rẹ̀ lọ sí Afárá Kennedy tí wọ́n ṣí ní ọdún 1970. Afárá kejì wà láti ọdún 2011, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ ni ẹsẹ̀ ṣì pọ̀ sí: ọkọ̀ akẹ́rù, alùpùpù, ràkúnmí tí ó ru koríko, àti àwọn ọmọ tí ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní òdìkejì. Ọmọ tí bíréèkì rẹ̀ kò bá mú kò ní ibi tí yóò yà sí. Ìyá rẹ̀ wà nídìí ọjà, kò mọ̀.

Irin kékeré tí ó di rọ́bà bíréèkì mú ní ẹnu kan tí ó ṣí àti ẹnu kan tí ó dí. Èyí tí ó dí ni ó gbọ́dọ̀ kọjú sí iwájú. Bí aláìmọ̀kan bá yí i padà, kẹ̀kẹ́ yóò máa mú dáadáa títí di ọjọ́ tí ọmọ bá fi gbogbo agbára fà á. Ọjọ́ náà ni táyà tí ń yí yóò fa rọ́bà náà yọ, tí irin yóò sì kù lórí irin. Ìṣẹ́jú kan ni a fi ń wò ó. Bí òjò bá sì wà, rìímù irin tí ó tutù kì í fẹ́ gbọ́ ti bíréèkì, bí ó ti wù kí a tún un ṣe tó. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kí ọmọ sọ̀kalẹ̀ lókè, kí ó máa ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ títí yóò fi dé orí afárá, bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ ń fi í rẹ́rìn-ín.