Awò Funfun fún Ọ̀nà Àṣálẹ́

Awò dúdú kan ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Wẹ́dà kan ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ ló ni ín. Ó ń fi í jó irin lọ́sàn-án, ó sì tún ń fi í gun kẹ̀kẹ́ relé lójú ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́ nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ilé mọ̀ sí Ìyá Ìbejì, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti London dé. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ń ṣe níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ ló sì ń gùn lọ síbi iṣẹ́, nínú òtútù àti nínú òjò. Ní ti wẹ́dà, kò gbé ibòmíràn rí. Irin tó ń lọ rà ní Ṣàgámù nìkan ló ń gbé e jáde.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ dákun, ẹ má fi awò yẹn gun kẹ̀kẹ́ mọ́ tí oòrùn bá ti wọ̀," ni Ìyá Ìbejì wí.

"Kí n wá máa la ojú sílẹ̀ lásán?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fèsì. "O ò rí àwọn típà tó ń kó iyanrìn kọjá ni? Tí òjò àkọ́rọ̀ bá tún rọ̀, èsúnsún á gba gbogbo ojú ọ̀nà. Ọ̀kan wọ̀ mí lójú lọ́jọ́sí. Ọwọ́ kan ni mo fi di kẹ̀kẹ́ mú, mo ń fi èkejì nu ojú, díẹ̀ ló kù kí n já sí gọ́tà."

Ìyá Ìbejì gbà pé òótọ́ ló sọ. Ọyẹ́ kì í yẹ̀ lọ́dọọdún, eruku Sàhárà ló sì máa ń gbé wá. Afẹ́fẹ́, eruku àti ìtànṣán oòrùn wà lára ohun tó ń fa ẹran kékeré tó máa ń hù láti igun ojú lápá imú, tó ń rá wá bo ẹyinjú díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ti rí i lójú àgbẹ̀ tàbí ọlọ́kadà mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí à ń fojú kékeré wò.

"A ò jà lórí bíbo ojú," ó ní. "Àwọ̀ ohun tẹ́ ẹ fi ń bò ó ni mò ń sọ. Ẹ tiẹ̀ gbọ́ ná, awò yẹn ò dáa tó fún irin pàápàá. Awò tí wọ́n ṣe fún iná wẹ́dà dúdú débi pé tẹ́ ẹ bá gbé e wọ̀, ẹ ò ní rí ẹsẹ̀ ara yín nílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lè fi tiyín rìn lójú títì, awò oge ni, kò lè gba ojú yín lọ́wọ́ iná yẹn."

Wẹ́dà dákẹ́ díẹ̀. Lóòótọ́, ojú máa ń ta á lóru bíi pé iyanrìn wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń jó irin tí kò mọ ìrora náà.

Ọ̀rọ̀ awò dúdú ní òṣùwọ̀n. Èyí tó jẹ́ ti àgbáyé, ISO 12312-1, pín awò oòrùn sí ìpele láti 0 dé 4. Tí ìmọ́lẹ̀ bá jẹ́ 100, awò ìpele 0 yóò jẹ́ kí ó kéré tán 80 wọlé sí ojú. Ìpele 3, níbi tí púpọ̀ nínú awò dúdú ọjà wà, kì í gbà ju 8 sí 18 lọ. Ìpele 4 dúdú ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì ti kìlọ̀ pé kò yẹ fún ẹni tó ń wakọ̀ rárá. Òṣùwọ̀n yìí kan náà sọ pé awò tí kò bá lè gba 75 kọjá kò yẹ kéèyàn fi wakọ̀ ní àṣálẹ́ tàbí lóru.

"Ṣùgbọ́n mò ń ríran," ni wẹ́dà wí. "Ọjọ́ wo ni mo fi orí sọ igi?"

"Ẹ ń ríran nígbà tẹ́ ẹ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tẹ́ ẹ bá fi máa délé ńkọ́?"

Ibí yìí ni ìrìn àjò Ìyá Ìbejì ti wúlò jù. Ní London, ní oṣù kẹfà, oòrùn kì í wọ̀ títí aago mẹ́sàn-án alẹ́ yóò fi kọjá, ìmọ́lẹ̀ á sì tún pẹ́ lójú ọ̀run lẹ́yìn náà. Ní oṣù kejìlá, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kò ní tíì lù tí oòrùn á ti lọ. Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ ti mọ́ ọn lára láti gbé awò funfun sínú àpò, kí wọ́n dúró, kí wọ́n pààrọ̀ ti ojú. Àyè wà fún un. Ní Ìlíṣàn, oòrùn ń wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ sí aago méje jálẹ̀ ọdún, torí ilẹ̀ wa kò jìnnà sí agbedeméjì ayé. Ó máa ń já wálẹ̀ tààrà ni. Láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ẹni tó rí kòtò kedere nígbà tó gun kẹ̀kẹ́ kò ní rí i mọ́. Tí awò ojú rẹ̀ bá ti gba ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ìmọ́lẹ̀ kúrò, òkùnkùn ti bá a kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọjọ́ orí náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti pé ọgọ́ta ọdún, ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ìsàlẹ̀ ẹyinjú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó ń dé ti ọmọ ogún ọdún. Wẹ́dà kò jìnnà sí ọgọ́ta mọ́.

"Ìjọba ò béèrè awò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni," ó ní. "Akoto ni FRSC, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ń béèrè."

Bẹ́ẹ̀ ni. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2009 ni wọ́n ti ń mú ọlọ́kadà àti èrò tó gùn ún tí kò bá dé akoto, àwọn kan sì dé igbá jáde nígbà náà kí wọ́n má bàa mú wọn. Akoto kan máa ń ní dígí níwájú, ṣùgbọ́n tí dígí náà bá ti họ yánnayànna, àwọn tó ni ín á yọ ọ́ sọnù, ojú á sì wà ní gbangba. Ọlọ́kadà ni wọ́n ń mú lórí akoto, kì í ṣe ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ oníẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó ni ojú ló gbọ́dọ̀ ṣòfin fún ara rẹ̀.

Wẹ́dà wá rántí ohun tí wọ́n ń tà ní gáráàjì. "Yẹ́lò ńkọ́? Wọ́n ní ó ń pa iná ọkọ̀ tó bá dojú kọni."

"Èmi náà rà á nígbà kan, torí ojú mi ń gbádùn rẹ̀ tí ojú ọjọ́ bá ṣú dẹ̀dẹ̀ ní ọ̀sán," ni Ìyá Ìbejì dáhùn. "Kò burú nígbà náà. Ti alẹ́ ni mi ò fara mọ́."

Àwọn onímọ̀ ojú ní ilé ìwádìí Schepens ní Boston ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2019. Wọ́n fi èèyàn 22 jókòó sídìí ẹ̀rọ tó ń ṣe bí ọkọ̀ lóru, pẹ̀lú iná ọkọ̀ tó ń tàn sí wọn lójú. Awò yẹ́lò kò ran wọ́n lọ́wọ́ láti tètè rí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Tó bá wá kàn ń mú kí ọkàn balẹ̀, ewu nìyẹn fún ẹni tó ń sáré lọ.

Ó ku èyí tí àwọn oníṣègùn awò ń pè ní fótò, tó ń dúdú nínú oòrùn tó sì ń funfun nínú ilé. Ilé iṣẹ́ Corning ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ṣe é jáde ní àwọn ọdún 1960. Ìtànṣán oòrùn tí wọ́n ń pè ní UV ló ń jẹ́ kó dúdú, tí ìyẹn bá sì ti lọ, ó ń gba ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó mọ́ padà. Ooru wa ń mú kó tètè mọ́, kò sì ní jẹ́ kó dúdú tó bó ṣe ń dúdú nílẹ̀ òtútù. Fún ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ láti òwúrọ̀ dé alẹ́ tí owó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dáa. Fún ẹni tó ń ra awò kan ṣoṣo láti fi relé ní àṣálẹ́, funfun ló ju gbogbo wọn lọ.

"Funfun á wá jẹ́ kí oòrùn ba ojú mi jẹ́ lọ́sàn-án nìyẹn."

"Rárá, Bọ̀ọ̀dá. Tó bá jẹ́ ike polycarbonate ni, kò ní jẹ́ kí UV kọjá bó tiẹ̀ mọ́ gaara bí omi. Kì í ṣe dúdú ló ń dí UV. Awò dúdú tí kò dí i tiẹ̀ burú jù, torí ihò ẹyinjú máa ń fẹ̀ nínú òkùnkùn, ìtànṣán á sì ráyè wọlé dáadáa."

Wẹ́dà dìde láìsọ nǹkan kan, ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó sì mú awò kan jáde láti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tí àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ fi ń lọ irin. Ike mímọ́ gaara ni, ó tẹ̀ yí ojú ká, eruku irin ti bo ìdí rẹ̀. "Ṣé irú èyí lò ń sọ?"

Ìyá Ìbejì fi etí aṣọ nu ọwọ́ awò náà, ó gbé e sún mọ́ ìmọ́lẹ̀. Z87+ ló wà níbẹ̀, ní lẹ́tà tín-ín-tín. Àmì Amẹ́ríkà ni. Kí wọ́n tó gbà kí awò gbé e, wọ́n á yin ọta irin kékeré lù ú ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 150 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n á sì ju òkò ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó wúwo tó gíráàmù 500 lé e láti òkè.  Ṣùgbọ́n torí pé ẹnikẹ́ni lè tẹ àmì sára ike, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun ìdáàbòbò fún òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ló yẹ kéèyàn ti rà á.

"Òun gan-an ni!" ó ní. "Mo ra tèmi lówó gọbọi ní London torí wọ́n kọ 'kẹ̀kẹ́' sí i lára, tiyín sì ti wà lórí tábìlì láti ọjọ́ yìí."

Bó ṣe tẹ̀ yí ojú ká ṣe pàtàkì. Ní Rẹ́mọ, tí wọ́n bá dárúkọ awò, Awólọ́wọ̀ ti Ìkẹ́nnẹ́ ló ń sọ síni lọ́kàn, pẹ̀lú awò roboto rẹ̀ tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀. Irú ìyẹn dáa fún ìwé. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, eruku á gba ibẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n èyí tó bá fún mọ́ ojú jù, èémí àti òógùn á bò ó. Ó yẹ kí àlàfo díẹ̀ wà lókè. Omi àti ọṣẹ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣan eruku rẹ̀ kí wọ́n tó nù ún. Nínù gbígbẹ ló ń họ ike, èyí tó bá sì ti họ á máa tú iná ọkọ̀ ká.

"Iná ọkọ̀ ń tú ká fún mi tẹ́lẹ̀," ni wẹ́dà sọ jẹ́jẹ́. "Láìwọ awò rárá. Láti ìgbà ọyẹ́ tó kọjá."

Ìyá Ìbejì gbé awò náà sílẹ̀. Ó bi í bóyá ojú méjèèjì ni, bóyá ó ń le sí i. Ojú ọ̀tún ni, ó sì ń le. "Kò sí awò ọjà tó lè wo ìyẹn sàn, Bọ̀ọ̀dá. Ilé ìwòsàn Babcock wà níbí, OOUTH wà ní Ṣàgámù. Ẹ jẹ́ kí dókítà ojú yẹ̀ yín wò kí n tó padà."

"Ọjọ́ Ajé," ni wẹ́dà wí. "Títí dìgbà yẹn, aago márùn-ún ni mo máa ti ṣọ́ọ̀bù."