Ẹ̀kọ́ Ẹnjiníà Ilé-Iṣẹ́ àti Iṣẹ́ Tí A Yàn Lẹ́yìn Rẹ̀

Àwa méjì tí a kọ ọ̀rọ̀ yìí, inú ilé-kéwú yìí ni a ti jáde kí á tó lọ sí yunifásítì. Láti ìgbà tí a ti gba oyè, kò sí wólímọ̀tù tí a wá tí ẹnìkan kò ní bi wá pé: "Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ jẹ́ ẹnjiníà, ẹ kì í tún mọ́tò ṣe, ẹ kì í tún iná ṣe, kí gan-an ni ẹ lọ kọ́?" Àwọn òbí mìíràn a sì fi kún un pé: "Ọmọ wa fẹ́ kọ́ ọ, ṣé iṣẹ́ wà níbẹ̀?" Ìbéèrè méjì ni èyí, a ó sì gbìyànjú láti dáhùn wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kí ni ẹ̀kọ́ náà?

Orúkọ tí wọ́n ń pè é ní yunifásítì ni Industrial Engineering. Ẹnjiníà kan wà tí yóò ṣe ẹ̀rọ, òmíràn wà tí yóò fa iná sí i. Ti wa ni kí á dúró láàárín ilé-iṣẹ́, kí á wo ènìyàn, ẹ̀rọ, ohun èlò, àkókò àti owó, kí á sì béèrè pé: báwo ni àwọn nǹkan márùn-ún yìí yóò ṣe bá ara wọn ṣiṣẹ́ tí ìkankan kò fi ní ṣòfò?

Ẹ wo màmá alámàlà tí èrò pọ̀ níwájú rẹ̀. Bí ìkòkò ọbẹ̀ bá wà lápá ọ̀tún, tí abọ́ wà lẹ́yìn, tí ẹran sì wà nínú ilé lọ́hùn-ún, ìgbà mélòó ni yóò dìde kí ó tó bu oúnjẹ fún ẹnìkan? Bí ó bá to gbogbo rẹ̀ sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó o, èrò yóò yára lọ, ẹ̀yìn kò sì ní máa ro ó lálẹ́. Màmá yìí lè má mọ ẹnu ọ̀nà yunifásítì, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ wa.

Ọ̀kan nínú àwọn tó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, bíríkìlà ni. Frank Gilbreth ni orúkọ rẹ̀, ará Amẹ́ríkà ni. Ó ṣàkíyèsí pé bí bíríkìlà bá fẹ́ to bíríkì kan ṣoṣo, ìgbà 18 ni yóò yí ara àti ọwọ́ padà, tí yóò máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí yóò tún máa nà ró. Ó ṣe àkàbà ìdúró tó gbé bíríkì wá sí ìbàdí ẹni tó ń kọ́lé, ìgbà 18 yẹn sì dín kù sí nǹkan bí 5. Nígbà tí ó kú lọ́dún 1924, ìyàwó rẹ̀, Lillian, tó ti bí ọmọ 12 fún un, ni ó di iṣẹ́ náà mú. Lọ́dún 1935, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Purdue. Ẹ̀yin ọmọbìnrin wa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé iṣẹ́ ọkùnrin ni èyí. Lọ́dún 1913 pẹ̀lú, ní ilé-iṣẹ́ Henry Ford, wọ́n to iṣẹ́ mọ́tò sórí ìlà tí ń rìn, mọ́tò tí wọ́n ń fi wákàtí tó lé ní 12 tò pọ̀ tẹ́lẹ̀ sì di ohun tí wọ́n ń fi nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀ ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó kan àwa ọmọ kéwú. Ìṣirò tí a ń pè ní algebra, láti inú "al-jabr" ni orúkọ rẹ̀ ti wá, èyí tó wà nínú àkọlé ìwé tí Al-Khwarizmi kọ ní Bàgídáádì ní nǹkan bí ọdún 820. Orúkọ ọkùnrin yìí náà ni wọ́n yí padà di algorithm, ìyẹn ìlànà ìṣirò tí gbogbo kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní yunifásítì ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ni ọmọ kéwú ń wá ní kíláàsì ẹnjiníà, ìdáhùn tí a fún wọn nìyẹn, wọ́n sì dákẹ́.

Ọ̀nà tí a gbà wọlé

Ẹ̀ka Industrial and Production Engineering ní Yunifásítì Ìbàdàn ni a ti kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Ọdún márùn-ún ni. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì márùn-ún, kí Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Físíìsì àti Kẹ́místírì sì wà nínú rẹ̀. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí náà ni yóò fi jókòó ìdánwò JAMB. Ní ọdún àkọ́kọ́ àti èkejì, ohun tí gbogbo ẹnjiníà ń kọ́ ni àwa náà kọ́: ìṣirò, yíya àwòrán ẹ̀rọ, iṣẹ́ irin. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà wa wá yà: bí a ṣe ń ṣe ìṣirò ohun tó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀, bí a ṣe ń mọ iye ọjà tó yẹ kó wà ní sítọ́ọ̀, bí a ṣe ń yẹ ọjà wò kó tó jáde, bí a ṣe ń to ẹ̀rọ sínú ilé-iṣẹ́, àti bí a ṣe ń wọn àkókò iṣẹ́. Kò rọrùn. Ní ọdún kẹta, bàbá ọ̀kan nínú wa ta pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan ṣoṣo tó ní kí owó ilé-ìwé lè pé. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí ṣì ń bọ̀ níwájú.

Oúnjẹ tí aago ń kà

Ṣáájú ọdún ìkẹyìn, a lọ fún ìkọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́fà lábẹ́ ètò SIWES, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 1973. Ilé-iṣẹ́ kan tí ń ṣe bisikíìtì ló gba àwa méjèèjì. A kò ní dárúkọ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀gá kan pè wá, ó fún wa ní aago tí wọ́n fi ń mú àkókò àwọn sáré-sáré, ó ní: "Obìnrin 14 ló ń di bisikíìtì sí páálí. Ẹ lọ wò wọ́n, kí ẹ kọ ọ́ wá fún mi bí 10 yóò ṣe máa ṣe é." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fiyè sí ọ̀rọ̀ náà. Kò ní kí á wò ó bóyá 10 lè ṣe é. Ó ti dá ẹjọ́ kí á tó dé ibẹ̀. Ìwé tí wọn yóò fi lé obìnrin mẹ́rin lọ sílé ló fẹ́ kí á kọ.

Nígbà tí àwọn obìnrin náà rí aago lọ́wọ́ wa, ẹ̀rín tán lẹ́nu wọn. Àgbà inú wọn, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá, wò wá títí, ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ mi, oúnjẹ àwọn ọmọ wa ni aago yín ń kà yẹn o." A kò rí èsì fọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi wọn iṣẹ́ wọn, tọ̀sán tòru. Ohun tí a rí ni pé nínú wákàtí kan, ọwọ́ wọn máa ń dilẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Ẹni tó bá ń wo aago nìkan yóò ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bi ara wa pé kí ló dé tí ọwọ́ fi ń dilẹ̀, a rí i pé ìgun kejì ilé-iṣẹ́ ni sítọ́ọ̀ páálí wà, ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló ń gbé e wá. Bí ó bá pẹ́, gbogbo tábìlì dúró nìyẹn. Ẹ̀rọ tí ń lẹ ọ̀rá bisikíìtì náà máa ń kọṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, nítorí pé wọn kì í tọ́jú rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

A kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú iye rẹ̀. A kọ ọ́ pé bí wọ́n bá dín obìnrin mẹ́rin kù, àwọn 10 tó kù yóò ṣì máa dúró de páálí náà ni, ọjà tí ń jáde yóò sì dín kù. A ní kí wọ́n kó páálí ìlàjì ọjọ́ wá sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì láàárọ̀, kí wọ́n sì máa tọ́jú ẹ̀rọ náà ní alaalẹ́. Ọ̀gá náà bínú, ó ní ohun tí òun rán wa kọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó gbé páálí wá sí tòsí ní ọ̀sẹ̀ náà, nítorí pé kò ná an ní kọ́bọ̀. Ọjà tí wọ́n ń dì lójúmọ́ lọ sókè. Títí a fi kúrò níbẹ̀, wọn kò lé ẹnì kankan nínú wọn.

Ọjọ́ yẹn ni a mọ ohun tí a ń kọ́. Aago kì í purọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó gbé e dání ló ń yan ohun tí yóò wò. Ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ lè fi ìwé kan gba oúnjẹ lẹ́nu ènìyàn, ó sì lè fi ìwé kan náà dá a dúró. Ohun tí a fi ń wo gbogbo iṣẹ́ tó yọjú sí wa lẹ́yìn náà nìyẹn.

Nígbà tí iṣẹ́ dé

Lẹ́yìn tí a sin ilẹ̀ baba wa tán lábẹ́ NYSC, ọ̀nà tó wà níwájú wa pọ̀. Ilé-iṣẹ́ ọtí kan pe ọ̀kan nínú wa fún ìdánwò. Àwa àti ilé mọ ìdí tí kò fi lọ. Báńkì kan fẹ́ gba ẹni tí bàbá rẹ̀ ta ilẹ̀, owó oṣù ibẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tí ilé-iṣẹ́ oníke kan ní Ọ̀tà fẹ́ san fún un. Ẹbí pe ìpàdé. Àwọn àbúrò bàbá ní báńkì ni, kí ó lè ra ilẹ̀ náà padà. Bàbá jẹ́ kí wọ́n sọ tiwọn tán, ó wá bi ọmọ rẹ̀ pé: "Kí ni wọ́n fẹ́ kí o máa ṣe ní báńkì náà?" Ó ní kí òun máa wá oníbàárà tí yóò kó owó wá. Bàbá ní: "Èmi kò ta ilẹ̀ nítorí ìyẹn."

Kí á má ṣi ara wa gbọ́ o. Báńkì kì í ṣe ibi àìdára fún ẹni tó kọ́ irú ẹ̀kọ́ wa. Ẹlẹgbẹ́ wa kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé òun ló ń wo bí ìlà oníbàárà yóò ṣe máa yára lọ, ojúlówó iṣẹ́ wa sì nìyẹn. Orúkọ ibi iṣẹ́ kọ́ ló yẹ kí á máa wò, ohun tí wọ́n fẹ́ kí á ṣe níbẹ̀ ni.

Ó gba iṣẹ́ Ọ̀tà. Ọdún méjì àkọ́kọ́, yàrá kan ló ń gbé, iṣẹ́ òru ló sì pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹnjiníà àgbà kan wà níbẹ̀ tó kọ́ ọ ní iṣẹ́ bí ọmọ, tó sì tọ́ ọ sọ́nà títí ó fi forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà. Lónìí, òun ló ń to iṣẹ́ fún gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Ó to ìsinmi ọjọ́ Jímọ̀ ní ìdá méjì, kí àwọn kan lè lọ kírun kí ẹ̀rọ má sì dúró. Ó ṣe bákan náà fún àwọn onígbàgbọ́ ní ọjọ́ Àìkú. A kò tíì ra ilẹ̀ náà padà, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ ti ń là.

Èkejì wa padà sí ilé búrẹ́dì ìyá rẹ̀. Ẹnu pọ̀ níbẹ̀! Wọ́n ní ó kàwé títí, ó wá ń po fúláwà. Kò ra ẹ̀rọ kankan ní ọdún àkọ́kọ́. Ó ń wọn fúláwà tó wọlé, ó ń ka búrẹ́dì tó jó àti èyí tí wọ́n dá padà láti ọjà, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ èrè ìyá rẹ̀ ló ń bá búrẹ́dì tí a kò tà lọ, nítorí pé iye kan náà ni wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ bí ọjà bá ná bí kò bá ná. Lọ́dún 2023, nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí owó fúláwà náà sì ń gòkè, ilé búrẹ́dì méjì ládùúgbò tì. Tiwọn kò tì, nítorí pé wọ́n mọ ibi tí gbogbo ìwọ̀n fúláwà ń lọ. Òṣìṣẹ́ 6 ló bá níbẹ̀. 11 ni wọ́n báyìí.

Ìmọ̀ràn wa

Ẹ̀yin àbúrò wa, bí iṣẹ́ bá yọjú lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí, yálà nílé tàbí ní òkè òkun, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Èkíní, ṣé ohun tí mo kọ́ ni n ó máa lò níbẹ̀? Èkejì, ta ni yóò kọ́ mi níbẹ̀? Ẹ̀kẹta, kí ni iṣẹ́ ọwọ́ mi yóò ṣe fún àwọn tó kéré jù lọ níbẹ̀? Lẹ́yìn mẹ́ta yìí, ẹ wá béèrè owó, nítorí pé owó náà ṣe pàtàkì. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi orúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá dẹ́rù pa ọmọ, ẹ sì ní sùúrù fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́. Bí a bá gbin àgbàdo lónìí, a kì í lọ fi igbá ya á lọ́la.

Ọlọ́hun Ọba kí ó fi ìbùkún sí ìmọ̀ àwọn ọmọ wa, kí ó sì san ẹ̀san rere fún gbogbo òbí tó ta ohun ìní rẹ̀ kí ọmọ lè kàwé. Àmín.