Orúkọ Dísìkì Yàtọ̀ sí Ọ̀nà Tó Gbà Wọlé

Ẹni tó bá ń tọ́jú dísìkì lórí sáfà Unix, ìbéèrè méjì ló máa ń bá a jí, tó sì máa ń bá a sùn: ṣé àyè ṣì kù, ṣé ọ̀nà ṣì ṣí? Ti àyè yé tọmọdé tàgbà. Dátà ń pọ̀ sí i, dísìkì ń kún, a ó wá ibòmíì tí a máa kó o sí. Ti ọ̀nà ni kì í tètè yé èèyàn, kódà àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun. Dísìkì lè wà níbẹ̀ digbí, kí gbogbo dátà inú rẹ̀ pé pérépéré, kí sáfà má sì rí i, torí pé ọ̀nà tó ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ti yí padà. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Èkó, wàhálà tí ọ̀nà dá sílẹ̀ pọ̀ ju èyí tí dísìkì tó bàjẹ́ dá sílẹ̀ lọ. Ìdí rẹ̀ ò sì jìnnà: láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni Unix ti ń fi ọ̀nà sọ dísìkì lórúkọ, ó sì tó nǹkan bí ogójì ọdún kí orúkọ tó já kúrò lára ọ̀nà pátápátá lórí sáfà tí wọ́n fi kọ́ mi níṣẹ́.

Ọdún 1969 ni Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ Unix ní Bell Labs, ní ìpínlẹ̀ New Jersey l'Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n gbé e sórí kọ̀ǹpútà PDP-11, dísìkì RK05 tí wọ́n ń lò kò gbà ju nǹkan bí mẹ́gábáìtì 2.5 lọ. Fọ́tò kan tí fóònù yà lónìí lè gba gbogbo àyè yẹn tán. Nígbà tí ètò iṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà kún dísìkì àkọ́kọ́, wọ́n kó ìyókù lọ sórí dísìkì kejì, níbi tí fáìlì àwọn òṣìṣẹ́ wà, ìyẹn /usr. Títí dòní, kò sí sáfà Unix tí mo wọ̀ tí n kò bá /usr/bin níbẹ̀, àìsí àyè ló sì bí i. Ní ti orúkọ, wọ́n ní dísìkì tí a so mọ́ ipò àkọ́kọ́ máa jẹ́ rk0, èyí tó wà ní ipò kejì máa jẹ́ rk1. N kò bá wọn wí. Dísìkì kan, wáyà kan. Kò sí ohun tó lè da ojú rú nígbà yẹn.

Èmi wọṣẹ́ ní ìparí àwọn ọdún 1990, lórí HP 9000 tó ń lo HP-UX, Unix tí ilé iṣẹ́ HP ṣe. Lórí sáfà yẹn, dísìkì á máa jẹ́ irú orúkọ bíi c4t0d1. Lẹ́tà c ni kọ́ńtírólà, káàdì tí wáyà ti jáde lára sáfà. T ni ẹnu ẹ̀rọ tí wáyà náà wọ̀. D ni nọ́ńbà dísìkì tó wà lẹ́yìn ẹnu ọ̀hún. Ẹ wò ó dáadáa. Kò sí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó sọ ohunkóhun nípa dísìkì fúnra rẹ̀. Bí ẹni ń júwe ilé ní Agége ni: tó o bá ti dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà, yà sọ́tùn-ún, ilé kẹta ni. Lọ́jọ́ tí fọkanáísà bá kó lọ, àlejò á rìn títí, kò ní débẹ̀, bẹ́ẹ̀ onílé jókòó sílé rẹ̀.

Kí LVM (Logical Volume Manager), ètò tó ń bá dísìkì pín àyè, tó dé, ọ̀rọ̀ àyè gan-an le. Dísìkì tí o bá ti pín sí wẹ́wẹ́, bẹ́ẹ̀ ló máa wà. Tí apá kan bá kún, tí apá kejì sì ṣófo, o ò lè gba díẹ̀ nínú ti èkejì fún un. Àfi kí o kó gbogbo rẹ̀ sórí téèpù, kí o tún dísìkì pín, kí o wá dà á padà, kí o sì máa gbàdúrà pé kí téèpù má já. IBM gbé LVM jáde lórí AIX ní 1990. HP náà fi í sínú HP-UX lẹ́yìn náà. Ohun tó ṣe ni pé ó sọ dísìkì di ègé kéékèèké, mẹ́gábáìtì 4 ní ègé kan bí o kò bá yí i padà, ó sì kó ègé dísìkì púpọ̀ pa pọ̀ sínú volume group kan. Inú àkójọ yẹn ni wàá ti máa bu iye tó o bá fẹ́. Bó bá kù díẹ̀ kí ibì kan kún, lvextend á fẹ̀ ẹ́. Bí ilé iṣẹ́ bá sì ti ra OnlineJFS, fsadm á na ètò fáìlì tó wà lórí rẹ̀ láì lé ẹnikẹ́ni kúrò lórí sáfà.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í jẹ́ kí a kàn da àṣẹ kọ látinú ìwé. Kí a tó dá volume group sílẹ̀ lórí HP-UX ìgbà yẹn, a ní láti fọwọ́ ara wa ṣe fáìlì kan tó ń jẹ́ group: mknod /dev/vg01/group c 64 0x010000. Á bi wá léèrè pé, "Kí ni 64 ń ṣe níbẹ̀?" Ẹni tí kò bá lè dáhùn pé 64 ni nọ́ńbà tí ọkàn HP-UX (kernel) fi mọ LVM, àti pé 01 tó wà lẹ́yìn 0x ni nọ́ńbà àkójọ ọ̀hún, tí àkójọ méjì ò sì gbọdọ̀ jọ ní, ọ̀gá ò ní jẹ́ kó fọwọ́ kan sáfà tó ń ṣiṣẹ́ owó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí dòní. Òun náà ló sì là mí lójú sí ohun tí pvcreate ń ṣe gan-an: ó ń kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ sí orí dísìkì náà fúnra rẹ̀, nọ́ńbà tí dísìkì mìíràn kì í jẹ́. Lẹ́yìn náà ni vgcreate á wá kọ nọ́ńbà àkójọ tó wà nínú rẹ̀ tì í. Ìyẹn ni pé dísìkì ti mọ ara rẹ̀. Sáfà ni kò tíì gbọ́n tó láti máa bi í. Ó ṣì ń kọ c4t0d1 sínú ìwé ìrántí rẹ̀, /etc/lvmtab, ọ̀nà yẹn ló sì máa tọ̀ nígbà tó bá jí.

Ìgbà tí báńkì ń da ara wọn pọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí dé ojú ẹ̀. Ní oṣù Keje 2004, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, lábẹ́ Charles Soludo, kéde pé kí báńkì kọ̀ọ̀kan ní owó ìpìlẹ̀ tó tó bílíọ̀nù 25 náírà kí 2005 tó parí. Báńkì 89 ló di 25. Nínú ìwé ìròyìn, ọ̀rọ̀ owó ni. Ní yàrá sáfà, ọ̀rọ̀ dísìkì ni: báńkì mẹ́ta tàbí mẹ́rin fẹ́ di ọ̀kan, àkáǹtì gbogbo oníbàárà wọn gbọ́dọ̀ bára wọn lórí sáfà kan, láàárín òpin ọ̀sẹ̀, kí ẹ̀ka tó ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Lóru ọjọ́ kan nígbà náà, ọmọkùnrin tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn báńkì náà pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀. Dísìkì ti sọnù. Gbogbo vg01 ò jí." Mo bi í pé kí ni wọ́n ṣe. Ó ní ẹnjiníà kan ló yọ káàdì fáíbà kúrò níhò kan bọ ihò míì, kó lè ráyè fún káàdì tuntun. Mo ní, "Má fọwọ́ kan nǹkan kan o. Ohun yòówù kí wọ́n sọ, má ṣe pvcreate." Torí ohun tí ẹ̀rù máa ń sún ẹni tuntun ṣe nìyẹn: á rí dísìkì tí ó jọ pé kò ní orúkọ, á ní kí òun sọ ọ́ lórúkọ tuntun, á sì fi bẹ́ẹ̀ pa èyí tó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ rẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni òfò ti máa ń wọlé.

Nígbà tí mo débẹ̀, ioscan, àṣẹ tó ń to àwọn ẹ̀rọ tí sáfà rí, fi hàn pé kò sí ohun tó sọnù. HP-UX kì í fún káàdì tó bọ́ sí ihò tuntun ní nọ́ńbà àtijọ́. Tuntun ló máa fún un. Gbogbo ohun tó ti ń jẹ́ c4 ti di c9. Sáfà ń lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà tó ti kó lọ. A ṣe vgexport, èyí tí orúkọ rẹ̀ máa ń já ọ̀pọ̀ láyà, bẹ́ẹ̀ kò ju pé kó pa àkọsílẹ̀ inú lvmtab àti àwọn fáìlì inú /dev/vg01 rẹ́ lọ. Kì í fọwọ́ kan dátà. A tún ṣe fáìlì group. A wá ṣe vgimport pẹ̀lú -s àti fáìlì map tí wọ́n ti tọ́jú tẹ́lẹ̀, nítorí nọ́ńbà àkójọ wà lórí ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀. Pẹ̀lú -s yẹn, sáfà ò wo ọ̀nà mọ́. Ó ń kan ilẹ̀kùn dísìkì kọ̀ọ̀kan, ó ń ka nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀, ó ń ṣa tirẹ̀ jọ. vgchange dáhùn, fsck mọ́, dátàbéèsì Oracle jí. Dátà kankan ò já bọ́.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àwa tó ń ṣiṣẹ́ dísìkì sì gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ tọkàntọkàn. Nígbà tí ẹ̀rọ ìpamọ́ ńlá dé, tí wáyà fáíbà sì so ó mọ́ sáfà, a máa ń fi káàdì méjì sí sáfà, súwìṣì méjì sí àárín, ẹnu méjì sí ẹ̀rọ ìpamọ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí orúkọ bá jẹ́ ọ̀nà, dísìkì kan tó ní ọ̀nà mẹ́rin ti di dísìkì mẹ́rin lójú sáfà nìyẹn. HP ṣe PVLinks sí i: o lè fi vgextend fi ọ̀nà kejì kún àkójọ, LVM á ka nọ́ńbà orí dísìkì, á rí i pé ẹni kan náà ni, á sì kọ "Alternate Link" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àmọ́ ọ̀nà kan ló ń ṣiṣẹ́ nígbà kan. Èkejì ń sùn títí àkọ́kọ́ á fi kú. EMC ní PowerPath tirẹ̀, Veritas ní DMP, Sun ní MPxIO, oníkálukú pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀. Ẹni tó bá ń tọ́jú sáfà ilé iṣẹ́ mẹ́ta gbọ́dọ̀ mọ èdè mẹ́ta.

Ohun kan wà tí ìwé wọn kì í kọ, tí iná mànàmáná ilẹ̀ wa kọ́ wa. Mo ti dé yàrá sáfà tí gbogbo ọ̀nà jẹ́ méjì méjì, tí àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri, tó rẹwà. Mo tọ wáyà iná lọ, mo bá a pé súwìṣì méjèèjì jọ ń mu iná lára UPS kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ tí UPS yẹn bá dákẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ tó gbé e, ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á kú pa pọ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti máa ń ka wáyà iná mọ́ ọ̀nà dísìkì. Mo sì máa ń bẹ àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí a fọwọ́ ara wa yọ fáíbà kan wò, ní ọ̀sán, nígbà tí gbogbo wa wà níbẹ̀ tí ojú wa dá. Ọ̀pọ̀ kì í gbà. Ó ń dùn mí, torí ọ̀nà tí a kò bá dán wò, a ò tíì mọ̀ bóyá ọ̀nà ni.

Nígbà tó yá, orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í já kúrò lára ọ̀nà. Sun gbé ètò fáìlì ZFS jáde ní 2005, èyí tí Jeff Bonwick àti Matthew Ahrens ṣe, ó sì ń dá dísìkì rẹ̀ mọ̀ níbikíbi tí o bá so wọ́n mọ́. Lọ́dọ̀ tiwa tó ń lo HP-UX, oṣù Kejì 2007 ni 11i v3 dé. Inú mi dùn bí ẹni tó gba ẹ̀bùn. Dísìkì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ /dev/disk/disk7, orúkọ tó so mọ́ WWID, nọ́ńbà tí dísìkì náà fúnra rẹ̀ ń sọ bí sáfà bá bi í. Yọ káàdì, pààrọ̀ ihò, gbé wáyà gba súwìṣì míì: disk7 ni disk7. Gbogbo ọ̀nà rẹ̀ á máa ṣiṣẹ́ pa pọ̀ lábẹ́ orúkọ kan yẹn, láìra nǹkan kan kún un. Àṣẹ ioscan -m dsf á fi orúkọ tuntun àti ti àtijọ́ hàn ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àwọn kan nínú wa kọ̀ jálẹ̀ láti yí ìwé àṣẹ wọn padà. Wọ́n ní c4t0d1 ti mọ́ àwọn lára. A bá ara wa jiyàn gan-an lórí ẹ̀.

Lónìí, HP-UX ti ń kógbá wọlé. Ìparí oṣù Kejìlá 2025 ni HPE fi òpin sí àtìlẹ́yìn kíkún fún 11i v3, Intel sì ti dáwọ́ fífi Itanium, ẹ̀rọ ìṣírò inú sáfà rẹ̀, ránṣẹ́ dúró láti 2021. Iṣẹ́ ò kú, ó kó lọ sórí Linux ni. Heinz Mauelshagen, ọmọ Jámánì tó kọ LVM ti Linux ní 1998, ti HP-UX ló wò ṣe é, nítorí náà pvcreate, vgcreate, lvextend tí mo kọ́ lábẹ́ ọ̀gá mi ló ṣì ń jẹ́. Ti ọ̀nà, multipathd ló ń bójú tó o níbẹ̀.

Àìsàn àtijọ́ sì tún ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ẹnjiníà ọ̀dọ́ kan bi mí láìpẹ́ nípa sáfà rẹ̀ lórí AWS. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi wò ó. /dev/sdf ni mo so mọ́ ọn, /dev/nvme1n1 ni mo rí. Lẹ́yìn tí mo tún un tan, ó ti di nvme2n1, dátà mi sì gbé orí àpò fáìlì ẹlòmíì." Mo ní kó ṣe lsblk -o NAME,SERIAL. Nọ́ńbà volume tó rí lójú ewé AWS ló jáde gẹ́gẹ́ bíi nọ́ńbà dísìkì náà, vol tí ń bẹ níwájú rẹ̀. Dísìkì mọ ara rẹ̀, ètò tí sáfà fi rí wọn nígbà tó jí ló yí padà. A wá UUID, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ètò fáìlì rẹ̀, pẹ̀lú blkid, a fi rọ́pò nvme1n1 nínú /etc/fstab, ìwé tí sáfà fi ń mọ dísìkì tó máa so mọ́ ibi kọ̀ọ̀kan nígbà tó bá jí, a sì fi nofail kún un kí sáfà lè jí bí dísìkì kan bá pẹ́ kó tó dé. Ó tún un tan, ohun gbogbo jókòó sáyè rẹ̀. Mo ní kó lọ wo fstab àwọn sáfà yòókù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó yọ gbogbo nvme tó bá rí níbẹ̀ kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú.