Àpótí Tí Ó Kojú sí Ìhà Méjì

Bí a bá gbé ọpọ́n ayò kalẹ̀, ìjókòó àwọn tí yóò ta á ti sọ irú eré tí ó jẹ́ fún wa. Ọ̀kan yóò jókòó níhìn-ín, èkejì lọ́hùn-ún, ọpọ́n yóò sì wà láàárín wọn. Ojú ń wo ojú. Bí ọ̀ta bá ń fi òpè ṣe yẹ̀yẹ́, ojúkojú ni ó ń fi í ṣe é. Bí òpè bá sì fẹ́ fi ọgbọ́n àyínìke jí ọmọ ayò kan, ìṣojú ẹni tí ó fẹ́ jà lólè ni yóò ti jí i. Àwọn òǹwòran a pagbo yí wọn ká, wọn a sì máa fún wọn ní ìmọ̀ràn tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè lọ́wọ́ wọn.

Géèmù orí ẹ̀rọ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwa tí a mọ àwọn ilé géèmù tí ó wà ní ìlú wa láàárín ọdún 1990 sí 1999 kò lè gbàgbé bí wọ́n ti rí: yàrá tóóró kan, tẹlifíṣọ̀n kan tí wọ́n fi pákó há mọ́ kí ọmọdé má baà fọwọ́ kàn án, ẹ̀rọ Sega tàbí Nintendo lábẹ́ rẹ̀, àti bẹ́ǹṣì gígùn kan níwájú rẹ̀. Ọmọ méjì tí wọ́n ń bá ara wọn jà nínú ẹ̀rọ náà, ẹ̀gbẹ́ kan náà ni wọ́n jókòó sí, ògiri kan náà ni wọ́n sì kọjú sí. Ẹni tí a lù kò rí ojú ẹni tí ó lù ú. Ti fóònù òde òní tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ẹni tí ọmọ ń bá gbá a lè wà ní ìlú òyìnbó, ó sì lè má jẹ́ ènìyàn rárá.

Ní ìparí ọdún 2024, nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi àti ti àbúrò mi wá lo ìsinmi ọdún ní agboolé wa ní Ìlobùú, mo bá márùn-ún nínú wọn lórí ẹní kan ṣoṣo, olúkúlùkù dorí kodò sórí fóònù tirẹ̀. Wọn kò jà, wọn kò sì rẹ́rìn-ín. Ìyá wa tí ó ń kọjá lọ bèèrè bóyá ara wọn kò yá ni. Ọjọ́ náà ni mo pinnu pé n óò kan àpótí géèmù kan tí a lè gbé ka orí tábìlì, tí ẹni méjì yóò jókòó sí bí ẹni jókòó sí ìdí ayò.

Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ ro irú èrò yìí. Ní ọdún 1978 ni ilé iṣẹ́ Taito ti ilẹ̀ Jàpáànù gbé Space Invaders jáde, èyí tí Tomohiro Nishikado ṣe. Yàtọ̀ sí àpótí gíga tí a ń dúró níwájú rẹ̀, wọ́n ṣe irú rẹ̀ kan tí ó dà bí tábìlì: ojú ẹ̀rọ náà dùbúlẹ̀ lábẹ́ gíláàsì, ó ń wo àjà, ẹni méjì sì jókòó sí ìhà méjèèjì. Inú ilé kọfí ni wọ́n ń gbé e sí, ẹni tí ó ń gbá géèmù a sì gbé ife kọfí rẹ̀ lé orí ohun tí ó ń gbá. Bí ó bá kan ẹni àkọ́kọ́, àwòrán á kọjú sí i. Bí ó bá kan ẹnìkejì, àwòrán á yí padà bìrí, á sì kọjú sí òun náà. Pac-Man tí ó jáde ní ọdún 1980 ní irú tábìlì bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ní tèmi, mo fẹ́ràn ọgbọ́n yíyí àwòrán yìí ju gbogbo àrà tí wọ́n ti fi géèmù dá láti ìgbà náà wá. Ẹni tí ó ronú kàn án mọ̀ pé ó yẹ kí àlejò àti onílé rí ohun kan náà láti ibi tí olúkúlùkù jókòó sí.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún mi pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kọjá ohun tí a lè ṣe ní ẹ̀yìnkùlé, Jerry Lawson ni mo máa ń fi dá a lóhùn. Aláwọ̀ dúdú ni Lawson, a bí i ní Brooklyn ní ọdún 1940, ó sì kú ní ọdún 2011. Inú ibi tí ó ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí nínú ilé ni ó ti ṣe géèmù Demolition Derby, tí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé oúnjẹ kan ní Campbell ní ìpínlẹ̀ California kí àwọn ènìyàn máa fi owó ẹyọ gbá a. Òun náà ni ó ṣe olórí àwọn tí ó ṣe Channel F ti ilé iṣẹ́ Fairchild ní ọdún 1976, ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí a lè yọ géèmù kan kúrò nínú rẹ̀ kí a sì ki òmíràn bọ̀ ọ́ bí ẹni ń pààrọ̀ kásẹ́ẹ̀tì. Àwa tí a ń ki kásẹ́ẹ̀tì géèmù bọ inú Sega ní ilé géèmù, tí a ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i nídìí kí ó lè ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tí ó sọ fún wa pé ọwọ́ ènìyàn dúdú wà níbẹ̀.

Mo bá iṣẹ́ lọ. Káfíńtà tí iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn jù lọ, ará Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ni. Ìlobùú ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìfọ́n sì ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Orolú, ṣùgbọ́n àlejò tí kò mọ ibẹ̀ lè ti inú ọ̀kan rìn bọ́ sínú èkejì láìmọ̀. Ìyá ẹlòmíràn ní Ìlobùú, ọmọ Ìfọ́n ni; ọkọ ẹlòmíràn ní Ìfọ́n, Ìlobùú ni wọ́n ti bí i. Bàbá káfíńtà yìí fẹ́ràn àwàdà. Bí mo bá wí fún un pé igun pákó kan kò gún, yóò ní ìlú Òrìṣà Olúfọ́n ni wọ́n ti bí òun, ìlú ẹni tí ó mọ ojú àti imú fún ọmọ aráyé, pé kí ni èmi ọmọ Erinlẹ̀, ọdẹ inú ibú, mọ̀ nípa ohun tí ó gún àti ohun tí kò gún? Èmi náà a ní kí ó rántí bí ìtàn ṣe wí pé ó rí fún Òrìṣà lọ́jọ́ tí ó mu ẹmu. A ó jọ rẹ́rìn-ín, yóò sì tún pákó náà fá.

Móníńtọ̀ tòkúǹbọ̀ kan tí mo rà ní Òṣogbo, oníwọ̀n íńṣì 17, ni ó pinnu bí àpótí yóò ti tóbi tó. Bí a bá bọ́ èèpo oníke ara rẹ̀ kúrò, ojú rẹ̀ gùn tó íńṣì 13 ó lé díẹ̀, ó sì fẹ̀ ní íńṣì 10 àti ààbọ̀. A fi àpótí náà sí íńṣì 22 ní òró, íńṣì 16 ní ìbú. Nípa bẹ́ẹ̀, àyè bí íńṣì 4 ṣẹ́kù ní orí kọ̀ọ̀kan, níbi tí ọwọ́ àwọn olùgbá yóò wà. Píláíwúùdù ni a fi ṣe ara rẹ̀, igi arẹ̀rẹ̀ sì ni etí rẹ̀, nítorí pé arẹ̀rẹ̀ fúyẹ́, kì í sì í bá ìfági jà. Bàbá fi ìlu lu ihò wẹ́wẹ́ sí abẹ́ rẹ̀ kí ooru lè rí ọ̀nà jáde. Mo ní ihò mẹ́wàá tó. Ó lu ogójì, ó ní ẹni tí yóò máa lo nǹkan ní oṣù Ẹrẹ́nà kì í ṣahun ihò.

Ọpọlọ àpótí náà kò ju káàdì báńkì lọ ní ìwọ̀n. Raspberry Pi ni wọ́n ń pè é, kọ̀ǹpútà kékeré tí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 2012 kí ó lè wọ́n níwọ̀nba fún ọmọ ilé ìwé láti fi kọ́ iṣẹ́. Ogójì eyín irin wẹ́wẹ́ ni ó tò sí etí rẹ̀. Ọ̀pá ìdarí kọ̀ọ̀kan ní bọ́tìnnì kéékèèké mẹ́rin ní ìsàlẹ̀, ọ̀kan fún òkè, ọ̀kan fún ilẹ̀, ọ̀kan fún ọ̀tún, ọ̀kan fún òsì. Bí a bá ti ọ̀pá náà, a ó gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn dún kẹ́. Bí a bá fi bọ́tìnnì ọwọ́ mẹ́ta kún un, ó di méje fún ẹnì kan, mẹ́rìnlá fún ẹni méjì. Wáyà kan láti ara ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sí eyín irin tirẹ̀, àti wáyà kan tí gbogbo wọn jọ ń pín lò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń tún rédíò ṣe ní Òṣogbo gbà láti fi òjé jó gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Iná tí gbogbo rẹ̀ ń jẹ kò tó ti gílóòbù ńlá àtijọ́ kan ṣoṣo, bátìrì tí oòrùn ń gba agbára fún sì lè gbé e láti ìrọ̀lẹ́ di àkókò ìsùn.

Ti géèmù tí yóò wà nínú rẹ̀ ló mú àríyànjiyàn wá. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí ó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ní ayò ni òun yóò kọ́kọ́ kọ sínú rẹ̀. Ilé mẹ́fà níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún, ọmọ mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan, méjìdínláàádọ́ta lápapọ̀. Ó kọ ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwòrán náà sì ń yí padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó bá kàn láti ta. Ṣùgbọ́n ó kọ iye ọmọ tí ó wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan sí orí rẹ̀, ó rò pé òun ran olùta lọ́wọ́. Mo ní kí ó pa á rẹ́. Inú bí i. Mo ṣàlàyé fún un pé ọ̀ta kì í fi ọwọ́ ka ọmọ inú ilé ẹlòmíràn, pé ojú ni ó fi ń kà á, àti pé ẹni tí ó ń kó odù jọ, tí ó ń jẹ́ kí ọmọ pọ̀ nínú ilé kan títí ọjọ́ tí yóò fi tú u ká, ń retí kí ẹnìkejì ṣì í kà ni. Bí ẹ̀rọ bá kà á fún un, kí ló kù tí ọ̀ta yóò fi jẹ́ ọ̀ta? Ó pa á rẹ́. Ohun tí kò sí ọgbọ́n tí a lè dá sí ni ìró ọmọ ayò nínú ọpọ́n. Ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sínú fóònù, ó kó o sínú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ìró kan náà ni ó ń dún nígbà gbogbo, etí mi kò sì gbà á.

Ibi tí iṣẹ́ dé nìyí nígbà tí ìjà ààlà ilẹ̀ tí ó ti wà láti ọjọ́ pípẹ́ tún ru sókè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kéde òfin kónílé-ó-gbélé fún Ìfọ́n, Ìlobùú àti Ẹrìn-Ọ̀ṣun. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná. N kò ní sọ ẹni tí ó jẹ̀bi. Ìwé ìròyìn ti sọ tiwọn, ìhà kọ̀ọ̀kan sì ní ìtàn tirẹ̀ tí ó gún régé lẹ́nu ẹni tí ó ń pa á. Èyí tí mo lè sọ ni pé pákó tí mo ti san owó rẹ̀ wà ní Ìfọ́n, èmi sì wà ní Ìlobùú, ojú ọ̀nà tí mo ti ń fi ẹsẹ̀ rìn láti kékeré sì di ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbójúlé mọ́.

Àwọn ará ilé bèèrè lọ́wọ́ mi bóyá kò sí káfíńtà ní Ìlobùú ni. Àgbàlagbà kan tí mo bọ̀wọ̀ fún ní kí n gbàgbé owó náà, pé èèyàn kì í gbé iṣẹ́ fún ẹni tí ó ń bá a du ilẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, n kò sì dá a lóhùn. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, bàbá káfíńtà pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, n kò gbọ́ àwàdà kankan níbẹ̀. Ó ní wọ́n ti bèèrè lọ́wọ́ òun náà pé ta ni ó ni àpótí tí ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù òun, òun sì dá wọn lóhùn pé àwọn ọmọdé ni. Ó ní òun ti gbé e wọlé, ó wà lábẹ́ ibùsùn.

Nígbà tí òfin náà dẹ̀, kò sí ẹni tí ó ní kí ẹnìkejì wá sí ìlú òun. Òṣogbo ni a pàdé sí, ní ìsọ̀ ọmọ tí ó ń tún rédíò ṣe. Bàbá di àpótí náà sínú àpò sìmẹ́ńtì, ó gbé e sí ẹ̀yìn ọ̀kadà. Ohun tí ẹsẹ̀ ń gbé láàárín àkókò díẹ̀ tẹ́lẹ̀, Òṣogbo ni ó gbà wá. A kí ara wa, a bèèrè àlàáfíà ilé, a sì bèèrè àwọn kan ní orúkọ. Fún ọ̀kan nínú àwọn tí mo bèèrè, ó mi orí, kò sì sọ̀rọ̀.

A to móníńtọ̀ sínú rẹ̀, ọmọ náà jó wáyà mọ́ra, a gbé gíláàsì lé e. Nígbà tí iná tàn, ọ̀dọ̀ bàbá ni àwòrán kọ́kọ́ kọjú sí. Kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rí. Ó fi ìka méjì di ọ̀pá ìdarí mú bí ẹni di gègé mú, ó ta, àwòrán yí sọ́dọ̀ mi. Mo ta, ó yí padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó kẹ́nu bọ ìfé. Títí ó fi ta ìgbà kẹfà, àwọn oníṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ti pé lé wa lórí, wọ́n ń pariwo ilé tí ó yẹ kí olúkúlùkù wa ta. Ó kó odù kan jọ sí ilé rẹ̀ ọ̀tún tí mo kà sí mẹ́wàá, tí ó sì jẹ́ méjìlá.

"Ọmọ Erinlẹ̀," ni ó wí, "ojú ti ń fọ́ ni?"

Lẹ́yìn ayò kẹta ni ó fa téèpù yọ lápò, tí ó tún ń wọn etí móníńtọ̀ náà. Mo ní kí ni ó tún kù. Ó ní píláíwúùdù odidi kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́jọ, àpótí kan kò sì lè jẹ ẹ́ tán. Láti ọjọ́ tí òun ti gé tèmi ni òun ti gé èkejì fún àwọn ọmọ agboolé òun, ó wà lábẹ́ ibùsùn náà pẹ̀lú. Móníńtọ̀ ni kò sí. Ọmọ tí ó ń tún rédíò ṣe sọ ibi tí a ti lè rí i ní pọ́ọ́kú. A gbé àpótí náà tì í lọ́wọ́, a sì jọ jáde lọ wá a.