Òrìṣà Ẹnu Fọkanáísà

Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni mo jáde nílé wa ní Ifákọ̀, mo bá táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ ògbólógbòó mi tó ti rọ̀ pẹ̀lẹ́bẹ́ sílẹ̀. Mo tú u, mo yí i dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà tó wà lójú ọ̀nà Kétu. Táyà àlòkù tó tò léra ni àmì ìsọ̀ rẹ̀, ó fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ sára èyí tó wà lókè. Ó yọ túùbù, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó rì í sínú abọ́ omi dúdú kan, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀ títí omi fi ń hó ṣùṣù lójú kan.

"Ibí ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wò ó."

Ó ha ojú ibẹ̀ dán, ó lẹ rọ́bà mọ́ ọn, ó fi irin dè é pinpin, ó wá dáná lórí irin náà.

Iná yẹn ni mo ń wò tí mo fi rántí ibi tí orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ní 1839, Charles Goodyear, ará Amẹ́ríkà, rí i pé bí a bá po rọ́bà mọ́ imí ọjọ́ tí iná sì mú un, oòrùn kò ní yọ́ ọ mọ́, òtútù kò sì ní mú un gan. Thomas Hancock ṣe irú rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ William Brockedon ló bá a wá orúkọ fún un. Vulcan ló fi pè é, òrìṣà iná, alágbẹ̀dẹ àwọn ará Róòmù. Ara rẹ̀ náà ni wọ́n ti yọ volcano, òkè tó ń pọ iná.

Mo sọ ọ́ fún un. Ó ní iṣẹ́ táyà ni òun mọ̀ ọ́n sí. "Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ ni bàbá tó bí mi lọ́mọ. Ògún ni wọ́n ń bọ. Èmi ń kírun."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ohun tí Ògún nìkan ń ṣe lọ́dọ̀ wa, òrìṣà méjì ni Róòmù pín in fún: ewìrì àti òòlù ni ti Vulcan, idà àti ẹ̀jẹ̀ ni ti Mars. Mars yìí ló ni oṣù March, òun náà ló ni mardi tí àwọn ìbátan wa ní Kétu ilẹ̀ Benin ń pe ọjọ́ Ìṣẹ́gun bí wọ́n bá ń sọ Faransé. Ẹ wo bí ogun àti ìṣẹ́gun ṣe pàdé lọ́jọ́ kan náà! Pílánẹ́ẹ̀tì Mars pọ́n, ìyẹn ni wọ́n ṣe fi òrìṣà ogun sọ ọ́. Wọn kò mọ̀ pé irin tó dípẹtà nínú erùpẹ̀ rẹ̀ ló pọ́n bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, àwọn baba wa tí wọ́n fi irin àti ogun sí ọwọ́ òrìṣà kan ṣoṣo ló rí i já. Ọjọ́ 23 oṣù August ni Róòmù àtijọ́ máa ń ṣọdún Vulcan. Oṣù Ògún ni àwa ń pe August. N kò sọ pé ẹnì kan kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹnì kejì. Inú mi kàn dùn sí i.

Iná kú. Ó tú irin, ó na túùbù sí mi kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Mo fi àtàǹpàkò wá etí ibi tó lẹ̀, n kò rí i. Ó ṣì gbóná.