Ohun Ìrántí Tí Kò Ní Ìtàn

 Àwọn àgbà a máa wí pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí orí ènìyàn nìkan. Ó kan ohun èlò pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn ọkọ̀ ogun kan ṣe àpẹẹrẹ, kí a lè jọ ronú nípa àwọn ohun ìrántí tí ń bẹ nínú ilé wa.

Temeraire ni orúkọ ọkọ̀ náà. Igi óákù ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi kàn án, wọ́n sì sọ ọ́ sí omi ní Chatham ní ọdún 1798. Ìbọn ńláńlá 98 ni ó gbé. Ní ọjọ́ 21, oṣù kẹwàá, ọdún 1805, nígbà tí wọ́n ń bá àwọn Faransé àti àwọn ará Sípéènì jà lójú òkun ní Trafalgar, ọkọ̀ Victory, èyí tí Nelson olórí ogun wà nínú rẹ̀, bọ́ sínú ewu ńlá. Temeraire wà lára àwọn tí ó sáré gbà á sílẹ̀, òkìkí rẹ̀ sì kàn káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ṣùgbọ́n ogbó dé. Wọ́n sọ akọni yìí di ọgbà ẹ̀wọ̀n orí omi. Nígbà tí ó yá, wọ́n sọ ọ́ di ibi tí a ń kó oúnjẹ pamọ́ sí. Ní ọdún 1838, ìjọba tà á ní £5,530 fún John Beatson, oníṣòwò tí í máa tú ògbólógbòó ọkọ̀ ní Rotherhithe, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọkọ̀ tí ó gba ẹlòmíràn lójú ogun kò rí ẹni tí yóò gba òun lọ́wọ́ àáké.

Ohun méjì ni kò jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ parẹ́. Èkíní ni àwòrán. J. M. W. Turner, gbajúgbajà ayàwòrán, ya bí ọkọ̀ kékeré eléèéfín ti ń fa arúgbó náà lọ nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó sì gbé e jáde fún aráyé ní ọdún 1839. Ní òótọ́, ọkọ̀ méjì ni ó fà á, wọ́n sì ti yọ òpó ìgbòkun rẹ̀. Turner ya ẹyọ kan, ó sì dá òpó náà padà, bí ẹni tí ó wọ aṣọ iyì fún òkú àgbà kí a tó gbé e jáde. Kò gbà láti tà á títí tí ó fi kú ní ọdún 1851. National Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù ni àwòrán náà wà lónìí. Láti ọdún 2020 ni ó sì ti wà lára owó 20 pọ́n-ùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ọmọ wa tí ń gbé ibẹ̀ ń ná lọ́jà.

Èkejì ni pákó rẹ̀. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti kan tábìlì Oúnjẹ Olúwa àti àga méjì fún ṣọ́ọ̀ṣì St Mary ní Rotherhithe.

Ẹ ó bi mí pé, kí ni èyí kàn wá? Nígbà tí ìyá mi kú, a bá àwòrán ọkọ̀ ojú omi kan nísàlẹ̀ àpótí rẹ̀, tí ó fi àdìrẹ wé. A kò rí ohunkóhun kà lẹ́yìn rẹ̀. A bi ẹbí, a bi ará àdúgbò. Kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ ọkọ̀ náà, tàbí ẹni tí ó bá a lọ. Ohun tí ìyá wa kẹ́ tó bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ ti bá a wọ ilẹ̀. Bí àwòrán náà bá tilẹ̀ sọnù, kò ní dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Títí di òní, bí ọkọ̀ ogun bá fẹ̀yìn tì, àwọn oníṣòwò a máa ta àwòrán rẹ̀, àwo tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí, tàbí ègé irin ara rẹ̀. Bí ọkọ yín bá fẹ́ ra irú rẹ̀, ẹ má tètè bínú. Ẹ má sì fi owó oúnjẹ rà á. Bí wọ́n bá ní ara ọkọ̀ gan-an ni a ti gé e, ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí. Ẹ má gbé àwòrán kọ́ síbi tí oòrùn ń pa tàbí sára ògiri tí ń lómi. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ, ọdún àti ẹni tí ó mú un wálé sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì pe ọmọ jókòó, kí ẹ sọ ọ́ fún un.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe sí ìlẹ̀kẹ̀ ìyá ọkọ, fìlà baba àti fọ́tò ìgbéyàwó. Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹnu ìyá ni àrọ́bá ti í bẹ̀rẹ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a rí ọmọ tí yóò gbọ́ tiwa.