Táyà Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Táyà Ọjọ́ Ajé

Ìbéèrè tí àwọn ènìyàn máa ń bi mí jù lọ nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé mo ń wakọ̀ díje ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ni pé, "Irú ẹ́ńjìnnì wo ni ẹ fi sínú ọkọ̀ yẹn?" Ẹ́ńjìnnì tí ilé iṣẹ́ Honda fi sínú rẹ̀ náà ni ó wà níbẹ̀. Civic Si ni ọkọ̀ mi, onílẹ̀kùn mẹ́rin, àga ọmọdé méjì sì wà lẹ́yìn rẹ̀ nítorí ìbejì wa tí wọ́n pé ọmọ ọdún mẹ́fà lọ́dún yìí. Kò sí ohun tí mo pààrọ̀ lára rẹ̀ ju táyà àti òróró bíréèkì lọ. Ọ̀rọ̀ táyà yìí ni mo fẹ́ sọ, nítorí ó gba èmi àti bàbá wọn ní ọjọ́ púpọ̀ kí a tó fẹnu kò lé e lórí, owó tí ó sì wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe owó àkàrà.

Ìlú Houston ni a ń gbé. Eré tí mo ń sọ yìí ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní autocross. Sports Car Club of America, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1944, wà lára àwọn tí ń ṣètò rẹ̀. Wọn a wá ibi ìgbọ́kọ̀sí ńlá kan tí ó ṣófo, wọn a to kóònù aláwọ̀ ọsàn síbẹ̀ bí ọ̀nà tí ó kún fún kọ́nà, awakọ̀ kọ̀ọ̀kan a sì gbà á kọjá, ẹni kan lẹ́ẹ̀kan. Nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, ó ti parí. Bí ẹ bá gbá kóònù kan ṣubú, wọn a fi ìṣẹ́jú àáyá méjì kún àkókò yín. Kò sí ọkọ̀ mìíràn tí ẹ ó bá forí gbárí, eré tí a ń sá níbẹ̀ kì í sì í sábà ju èyí tí gbogbo ayé ń sá lójú ọ̀nà márosẹ̀ lọ.

Eré orí pápá yàtọ̀ sí èyí. Bí a bá lọ sí MSR Houston ní Angleton, pápá tí ó ní kọ́nà 17, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ máìlì 2.38, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni a máa ń fi yí i po láìdúró. Táyà tí ó dára fún ìṣẹ́jú kan lè má wúlò fún ogún ìṣẹ́jú.

Gbogbo ọkọ̀, ibi mẹ́rin péré ni ó fi kan ilẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. A máa ń sọ pé bíréèkì ni ó dá ọkọ̀ dúró. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni bíréèkì ń dá dúró. Táyà ni ó ń dá ọkọ̀ dúró. Rọ́bà rírọ̀ a máa wọnú àwọn kòtò wínníwínní tí ó wà lójú ọ̀dà, a sì dì wọ́n mú, ṣùgbọ́n bí ó ṣe rọ̀ tó náà ni yóò ṣe tètè jẹ tó. Bí ó bá tutù jù, yóò le bí pákó. Bí ó bá gbóná jù, yóò máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Nínú ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ iwájú ń fà bíi tèmi, ọrùn táyà iwájú ni gbogbo wàhálà wà: òun ni ó ń fa ọkọ̀, òun ni ó ń yí kọ́nà, òun náà ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ bíréèkì. Ti ẹ̀yìn kàn ń tẹ̀ lé e ni.

Bàbá mi ni wọ́n kọ́ mi láti máa ka ohun tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà. Ìbàdàn ni a wà nígbà náà, ọjà Araromi ní Gate ni wọ́n sì ti máa ń ra táyà tòkunbọ̀. Ọlọ́jà kì í tíì sọ̀rọ̀ tán tí wọn yóò fi ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọn yóò máa wá nọ́ńbà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT. Bí ó bá jẹ́ 2303, a jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2003 ni wọ́n ṣe táyà náà. Rọ́bà ń gbó bí a kò tilẹ̀ lò ó. Bí ara táyà ṣe ń dán kì í tàn wọ́n, nítorí wọ́n mọ̀ pé ó ní ohun tí wọ́n ń fi í pa. Títí di òní, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wò nìyẹn, kódà lára táyà tuntun, torí pé ọjà tí a bá dín owó rẹ̀ kù lójijì lè ti pẹ́ nínú ilé ìkẹ́rùsí.

Nọ́ńbà kejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní treadwear. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ni ó pàṣẹ pé kí wọ́n máa kọ ọ́. Inú ìpínlẹ̀ Texas yìí gan-an, ní agbègbè San Angelo, ni ojú ọ̀nà tí wọ́n fi ń dán táyà wò fún un wà. Ọkọ̀ mélòó kan a tò tẹ̀ lé ara wọn, wọn a máa yí ojú ọ̀nà gidi kan tí ó jẹ́ 400 máìlì po títí yóò fi pé 7,200 máìlì, wọn a sì fi bí táyà náà ṣe jẹ wé ti táyà òṣùwọ̀n kan tí a fún ní 100. Táyà tí ó bá ní 200, ó yẹ kí ó pẹ́ ní ìlọ́po méjì òṣùwọ̀n náà. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tí ó ṣe táyà ni ó ń fún táyà ara rẹ̀ ní nọ́ńbà. Òfin eré wa sì ti sọ pé táyà tí kò bá tó 200 kò gbọdọ̀ díje ní ìsọ̀rí Street. Ẹ̀yin náà ẹ wo ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ: gbogbo ilé iṣẹ́ tí ó fẹ́ tajà fún àwọn eléré ni ó kọ 200 gééré. Yokohama Advan A052, 200. Bridgestone Potenza RE-71RS, 200. Hankook Ventus RS4, 200.

Ẹni tí ó bá fi nọ́ńbà yìí rò pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n yóò ná owó rẹ̀ lásán. A052 a tètè gbóná, a sì di ilẹ̀ mú láti kọ́nà àkọ́kọ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń gba ipò kìíní nínú autocross fi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ooru a máa tètè pọ̀ jù fún un, a sì máa jẹ bí ọṣẹ. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú, ẹ ó rí àwọn tí wọ́n lò ó tí wọ́n gbé ike omi dání, tí wọ́n ń fọ́n omi sí táyà bí ẹni tí ń wọ́n omi sí ewébẹ̀, kí ara rẹ̀ lè rọlẹ̀ kí ó tó tún kàn wọ́n. RE-71RS kò jìnnà sí i ní ìwà. RS4 ní tirẹ̀ kì í tètè jí. Bí ó bá ti wá jí, bákan náà ni yóò máa ṣe títí àkókò yóò fi pé, yóò sì pẹ́ lẹ́sẹ̀ ọkọ̀.

Omi ni ó fa àríyànjiyàn nínú ilé wa. Òjò Houston kì í ṣe òjò tí a ń fi agbòòrùn kojú. Ọkọ yìí kan náà ni mo fi ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́ láàárọ̀. Nígbà tí mo fi àwòrán táyà tí mo fẹ́ rà han Bàbá Ìbejì, wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, mi ò ní kí o má sáré. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé, lọ́jọ́ Ajé tí òjò bá ń rọ̀ lórí márosẹ̀ ní agogo méje àárọ̀, kí ni táyà yìí yóò ṣe?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n wádìí rẹ̀ dáadáa, kí n tó dá yín lóhùn."

Ìdáhùn rẹ̀ nìyí. Àwọn ìlà tó gbẹ́ lọ lára táyà ni ó ń fún omi jáde lábẹ́ rẹ̀. Bí omi bá pọ̀ ju ohun tí ìlà lè fún jáde lọ, táyà a gbéra kúrò nílẹ̀, ọkọ̀ a máa léfòó, sítíárìn a sì fúyẹ́ lọ́wọ́ yín bí ẹni pé a ti yọ ọ́. Àwọn táyà onírọ́bà rírọ̀ wọ̀nyí kò ní ìlà púpọ̀, nítorí pé rọ́bà tí ó bá ti di ìlà kò sí nílẹ̀ láti di ọ̀dà mú. Nígbà tí wọ́n bá tuntun, wọ́n a máa ṣe dáadáa lórí ilẹ̀ tí ó kàn tutù. Omi tí ó bá dúró sójú ọ̀nà ni ọ̀tá wọn, pàápàá bí wọ́n bá ti jẹ dé ìdajì. Àmì jíjẹ tí wọ́n ṣe sínú ìlà táyà wà ní 1.6 mílímítà, ṣùgbọ́n agbára táyà lórí omi ti dínkù gan-an kí ó tó jẹ dé ibẹ̀. Lẹ́tà AA tàbí A tí ẹ ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò sì lè gbà yín: bí táyà ṣe ń dúró ní gbọnrangandan lórí ilẹ̀ tútù nìkan ni ó ń wọ̀n, kò sọ nǹkan kan nípa kọ́nà tàbí nípa adágún omi.

Ọ̀rọ̀ òtútù tún wà níbẹ̀. Rọ́bà táyà ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kò fẹ́ kí ooru afẹ́fẹ́ lọ sílẹ̀ ju nǹkan bí ìwọ̀n 45 ní Fahrenheit lọ. Nínú òtútù tí ó ń dì, ó tilẹ̀ lè sán bí ẹ bá wà á. Ìyẹn kì í sábà kan Houston, àmọ́ ẹni tí ó bá rántí oṣù Kejì ọdún 2021 mọ̀ pé yìnyín lè bò wá mọ́lẹ̀ níbí náà. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ Bàbá Ìbejì ni gbogbo wa ń wọ̀.

A ní ọ̀nà méjì. Ọ̀kan ni pé kí n ra ríìmù mẹ́rin mìíràn, kí táyà ìdíje máa gbé orí tirẹ̀. Owó tí ó wà nílẹ̀ fún èyí kò ju èyí tí a ń tọ́jú láti fi gbé àwọn ọmọ lọ sí Ìbàdàn ní oṣù Kejìlá, kí ìyá mi lè rí wọn. Màmá kò tíì fojú kan wọn àfi lórí fóònù. Èmi ni mo sọ pé a kò ní fọwọ́ kan owó yẹn. Ọ̀nà kejì ni pé kí n ra táyà kan tí yóò ṣe méjèèjì láìṣe ọ̀kankan ní àṣeyọrí ńlá, ohun tí a sì ṣe nìyẹn: Michelin Pilot Sport 4S, tí nọ́ńbà tirẹ̀ jẹ́ 300, tí ìlà rẹ̀ gbòòrò, tí ó sì mọ̀ bí a ti ń fún omi jáde.

Ọdún kan gbáko ni mo fi í díje. Àwọn tí wọ́n lo A052 ń fi mí sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ó sì ń dùn mí díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n táyà yìí ń sọ̀rọ̀. Kí ó tó yọ̀, a kọ́kọ́ ké, a sì fún mi láyè láti dín eré kù. Táyà tí ó bá lágbára jù a máa dákẹ́ títí yóò fi tú mọ́ni lọ́wọ́ lójijì. Ní tèmi, ẹni tí kò bá tíì lo ọdún kan nídìí eré yìí, kí ó má wulẹ̀ náwó sí táyà 200. Yóò kàn máa bo àṣìṣe rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún un ni.

Ohun tí kò náni ní kọ́bọ̀ sì wà tí ó tó táyà tuntun, ìyẹn ni ìwọ̀n afẹ́fẹ́. Bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 Fahrenheit gòkè, afẹ́fẹ́ inú táyà a fi nǹkan bí PSI kan gòkè. Ní Angleton, kí ogún ìṣẹ́jú tó pé, ó lè fi 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ gòkè, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ sọ díẹ̀ jáde nígbà tí ó bá ṣì gbóná, kí ẹ sì tún un fẹ́ kí ẹ tó wà á lọ sílé. Láti mọ̀ bí afẹ́fẹ́ bá kéré jù, mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí èjìká táyà, níbi tí ojú rẹ̀ ti pàdé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí mo bá parí eré tí ṣọ́ọ̀kì náà ti parẹ́ wọ inú ẹ̀gbẹ́, táyà ń dojú bolẹ̀ nínú kọ́nà nìyẹn, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Bí ṣọ́ọ̀kì bá wà síbẹ̀ pátápátá, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Àwọn ìbejì ni wọ́n ń bá mi fà á báyìí. Táyé ń fa ìlà gẹ́gẹ́ bí mo ṣe wí. Kẹ́hìndé ń ya ẹja.

A lọ sí Ìbàdàn, a sì bọ̀. Ní oṣù Kẹrin ni mo wá ra ríìmù mẹ́rin tí ẹnì kan ti lò rí, mo sì fi RS4 sí i. Mo ro A052 títí, ṣùgbọ́n èmi tí mo ń lọ sí Angleton ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún, tí ọkọ̀ mi sì wúwo níwájú, n kò lówó táyà tí yóò jẹ tán kí ọdún tó parí. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, èmi àti Bàbá Ìbejì a gbé ọkọ̀ sókè, a pààrọ̀ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a sì fi irin òṣùwọ̀n di nọ́ọ̀tì wọn, kì í ṣe pẹ̀lú agídí apá. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, a tún yọ wọ́n, mo gbé ti iwájú sí ẹ̀yìn kí wọ́n lè jẹ dọ́gba, mo sì dì wọ́n sínú àpò dúdú ní igun gáréèjì tí oòrùn kò dé. Òjò ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Michelin ni ó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, ìlà rẹ̀ ku mílímítà márùn-ún, bí ó bá sì di mẹ́ta, n óò pààrọ̀ rẹ̀.